Àtọ̀gbẹ Kì í Dúró De Eèrà

Nítorí ojú ni bàbá kan ṣe wá bá wa ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Adó-Èkìtì. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn ti ń ṣú dùdù mọ́ àwọn lójú. Nígbà tí mo ní ẹ jẹ́ kí n gún yín níka díẹ̀ kí n wo ṣúgà yín, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ìyẹn kọ́ ló ń ṣe mí. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti fi ṣúgà sí tíì kẹ́yìn, eèrà ò sì bo ìtọ̀ mi rí." Wọn ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ gbé 148 jáde.

Ọ̀rọ̀ eèrà yìí, pé ẹni tí eèrà ò bá bo ìtọ̀ rẹ̀ kò ní àtọ̀gbẹ, ni mo fẹ́ ká jọ sọ, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Àwọn baba wa ò purọ́: ìtọ̀ tó ní ṣúgà ń dùn, eèrà á sì wá a wá. Àmọ́ ẹ wo bí ṣúgà ṣe ń dé inú ìtọ̀. Kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni sẹ́ ògì, ohun tó bá sì ṣì wúlò fún ara, á gbà á padà. Ṣúgà wà lára ohun tó ń gbà padà. Ó ń rí i gbà padà títí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á fi tó nǹkan bíi 180. Ìgbà tó bá kọjá ibẹ̀ ni apá rẹ̀ ò ká a mọ́, tó ń ṣàn sínú ìtọ̀. Nínú àgbàlagbà mìíràn, ó tún máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣàn.

Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò tíì jẹun láti alẹ́ àná bá ní 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. (Bí ẹ̀rọ tiyín bá jẹ́ èyí tó ń ka nọ́ńbà kéékèèké, 7.0 ni 126 yẹn.) Láti 126 títí dé 180, ṣúgà ti ń ba iṣan ojú, kíndìnrín àti ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, eèrà kankan ò sì mọ̀ sí i. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ilé ìyàgbẹ́ olómi tí a ń lò báyìí. Níbo ni eèrà fẹ́ gbà rí i?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Iyán tí a jẹ, ṣúgà ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀, bí a ò tilẹ̀ fi hóró ṣúgà kan sí i. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ bí ojú ọ̀nà, kí ẹ wo ṣúgà bí ẹrù. Ohun tí à ń pè ní ínsúlínì ni alábàárù tó ń gbé ẹrù náà kúrò lójú ọ̀nà wọ ilé, ìyẹn inú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀rá bá ti pọ̀ níkùn, àwọn onílé kì í tètè ṣílẹ̀kùn mọ́. Alábàárù á máa pààrà, á máa kanlẹ̀kùn, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹrù á wá kún ojú ọ̀nà.

Oríṣi àtọ̀gbẹ kan wà tí kò bá ti ikùn tàbí oúnjẹ tan, èyí tó sábà máa ń mú ọmọdé: ara fúnra rẹ̀ ló ń pa ibi tí ínsúlínì ti ń wá. Kò sí ohun tí òbí ṣe tó fà á. Ọmọ tó bá ń tọ̀ ṣáá, tó ń mu omi láìtẹ́ lọ́rùn, tó sì ń rù, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sílé máa fún un ní oògùn ibà. Láti 1922 ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ ínsúlínì gba irú wọn là.

Àwọn ará ilé wa máa ń bi mí pé, "Ṣebí iyán náà ni baba wa jẹ dàgbà?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹsẹ̀ gun òkè lọ sóko, wọ́n kọ ebè, wọ́n ru iṣu wálé, àwọn obìnrin sì gún un nínú odó kó tó di òkèlè. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà wọlé fúnra rẹ̀, àní bí alábàárù ò tilẹ̀ pọ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń gún iyán, ọ̀kadà ló ń gbé wa, orí àga la ti ń jẹ ẹ́ lálẹ́, ibùsùn ló sì kàn. Iyán ò yí padà, àwa la yí padà.

Èmi ò ní sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó má jẹ iyán. Ẹ dín òkìtì rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja wá gba àyè tó ṣẹ́kù nínú abọ́. Ẹ jẹ ẹ́ ní ọ̀sán, kí ẹ sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó sá fún iyán lọ bá àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n wá ń ro ó gàgàrà, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo bá jà jù: ìgò kan tó jẹ́ 50cl sábà máa ń ní ṣúgà tó ju hóró mẹ́wàá lọ. Ewúro dára nínú ọbẹ̀, àmọ́ kíkorò rẹ̀ kì í pa dídùn inú ẹ̀jẹ̀.

Bí ṣúgà ẹni tí kò tíì jẹun bá wà láàárín 100 sí 125, ọwọ́ ṣì lè tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2002, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tó lé ní 3,000 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá bíi rírìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò sí nínú ètò náà. Fún ẹni tó wọn kílò 80, kílò márùn-ún àbọ̀ péré nìyẹn.

Ẹ mú okùn kan, ẹ fi wọn gíga yín, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ wá fi yí ikùn yín ká lókè ìbàdí. Bí orí rẹ̀ méjèèjì ò bá kan ara wọn, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, obìnrin tó bí ọmọ tó ju kílò mẹ́rin lọ tàbí tí ṣúgà rẹ̀ gòkè nínú oyún, àti ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ọdún 35: ẹ lọ láàárọ̀ láìjẹun.

Ìgbà kejì tí a yẹ bàbá wò, 139 ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, dókítà ojú náà sì ti ń tọ́jú wọn. Ọjọ́ náà ni wọ́n mú ọmọkùnrin wọn méjèèjì wá. Ẹ̀gbọ́n ní 96. Àbúrò, ẹni ọdún 41, ní 114, okùn ò sì ká a níkùn. Ó bi mí bóyá iyán ti tán fún òun nìyẹn. Mo ní rárá, ìdajì ni, kó sì máa fẹsẹ̀ rìn láti Ajílósùn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjìgbò dípò kó gun ọ̀kadà. Bàbá rẹ̀ ní àwọn á máa sìn ín lọ láràárọ̀.