Ilé Ṣì Dúró, Ẹranko Ti Kó Lọ: Bí Ọgbà Ẹranko Lọ́ńdọ̀nù Ṣe Di Ohun Tó Dà

Ọdún 1826 ni àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹranko sílẹ̀. Stamford Raffles ló ṣíwájú wọn, àmọ́ ọdún náà kò tíì parí tó fi kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1828, wọ́n ṣí ọgbà wọn ní Regent's Park. Ìmọ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí náà ará ìta kì í kàn wọlé. Ó di 1847 kí ẹnikẹ́ni tó bá sanwó tó lè wọ ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni ojú òǹwòran ti ń bá ìlera ẹranko du ọgbà náà.

Decimus Burton ló ya àwòrán àwọn ilé ìbẹ̀rẹ̀. Ilé àgùnfọn tó kọ́ nígbà tí àgùnfọn mẹ́rin dé láti ilẹ̀ Sudan ní 1836 wà lára wọn. Gíga ẹranko náà ló fi wọn ilẹ̀kùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àgùnfọn fi ṣì ń gbé inú ilé yẹn títí wọ ọ̀rúndún kọkànlélógún.

Àwọn ẹranko mìíràn kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Èrò ìgbà náà ni pé òtútù ló ń pa ẹranko ilẹ̀ olóoru. Wọ́n á tì wọ́n mọ́ yàrá, wọ́n á dáná sí i kó lè móoru, afẹ́fẹ́ kò ní rí àyè wọlé, ẹranko á sì máa kú. Peter Chalmers Mitchell, tó di akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ní 1903, ló yí i padà. Ó ní kí wọ́n fún ẹranko láyè láti bọ́ síta gba afẹ́fẹ́, kó sì padà wọlé nígbà tó bá wù ú. Lójú tèmi, kò sí àyípadà kankan nínú ìtàn ọgbà yìí tó tó èyí, nítorí ẹranko wá ní ohun tó lè fúnra rẹ̀ yàn.

Ní Hamburg nílẹ̀ Jámánì, Carl Hagenbeck, oníṣòwò ẹranko tó tún ń kó ènìyàn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn síta fún ìwòran (ká má fi ìyẹn pamọ́), ṣí ọgbà kan ní 1907. Ó yọ irin kúrò lójú ẹranko, ó sì gbẹ́ kòtò tí wọn kò lè fò kọjá dípò rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀lé e: ní 1914 wọ́n fi kọnkéré mọ òkè gíga kan fún béárì àti ewúrẹ́ orí òkè.

Òkè nìkan kò tó, ṣá. Ní 1925 wọ́n kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀bọ irú èyí tí wọ́n ń pè ní hamadryas baboon sórí òkè mìíràn, akọ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tán nínú wọn. Akọ kọ̀ọ̀kan irú ọ̀bọ yìí a máa kó abo mélòó kan sọ́dọ̀, kì í jẹ́ kí akọ mìíràn sún mọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí àwọn abo díẹ̀ tó wà níbẹ̀, ìjà náà sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, takọtabo. Ìrora yẹn kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdílé.

Adágún pẹ́ńgúìnì tí ayàwòrán ilé Berthold Lubetkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ní 1934 ló lókìkí jù. Ọ̀nà kọnkéré méjì ló ká lójú afẹ́fẹ́, tí ọ̀kan gba orí èkejì kọjá, láìsí òpó lábẹ́ wọn. Àwọn ayàwòrán ilé ti ibi gbogbo wá wò ó. Ẹyẹ tó ń rìn lórí rẹ̀ ńkọ́? Kọnkéré le fún ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ tó lè gbẹ́ ihò ìtẹ́ sí. Ní 2004 wọ́n kó wọn kúrò. Òfin ilé ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni wó adágún náà, ló bá dúró lófìfo. Àwọn pẹ́ńgúìnì rí etíkun oníyanrìn tiwọn gbà ní 2011, omi rẹ̀ jìn, ààyè ìtẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí erin. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1965, wọ́n ha ara ògiri rẹ̀ kó lè rí bí awọ erin, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kéré fún ẹranko tó ń rìn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2001 wọ́n kó wọn lọ sí Whipsnade, ọgbà gbalasa tí ẹgbẹ́ náà ti ní ní ìgbèríko láti 1931.

Ilé ẹyẹ Snowdon, tó dé láàárín àwọn ọdún 1960 kan náà, ni wọ́n rí ọgbọ́n dá sí. Òfin ń dáàbò bo òun náà. Wọ́n dá irin gíga rẹ̀ sí, wọ́n pààrọ̀ àwọ̀n rẹ̀, wọ́n so okùn, wọ́n sì gbin igi sínú rẹ̀. Ní 2022, ẹdun, ọ̀bọ dúdú-òun-funfun tí gbogbo ìdílé ìbejì mọ̀ dáadáa, kó wọ ibẹ̀. Ẹdun kì í fẹ́ràn ilẹ̀. Ewé ló ń jẹ lókè igi, ó sì ń fò jìnnà láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Gíga tí wọ́n ṣe fún ìfò ẹyẹ bá tirẹ̀ náà mu, àwọn òǹwòran sì ń gba ìsàlẹ̀ kọjá.