Bí Mo Ṣe Ń Fi Aṣọ Ṣe Òkun ní Àbújá

Ní Kúbwá níbi tí mò ń gbé, ẹni tó bá fẹ́ fojú kan òkun, àfi kó wọkọ̀ lọ sí ibi tó jìnnà bí Èkó. Síbẹ̀, àwòrán òkun ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń kọ́kọ́ fẹ́ fi aṣọ ṣe. Wọ́n á ra aṣọ búlúù kan, wọ́n á gé e bí ìgbì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń kú.

Ẹ rántí etíkun Èkó: níbi tí ìgbì ti ń rú iyanrìn sókè, omi á rí rúsúrúsú, ibi tó bá jìn ló ń dúdú. Aṣọ òwú funfun ni mo máa ń lò. Èyí tó máa jẹ́ etí omi, mo ń rẹ ẹ́ sínú omi obì gígún. Ìyókù di ti aró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ri èyí tó máa mọ́lẹ̀ sínú aró; ti ibú lè tó ìgbà 8. Ẹ máa sá a sí atẹ́gùn kí ẹ tó tún un rì, torí atẹ́gùn ló ń mú àwọ̀ aró hàn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan fa tirẹ̀ yọ nínú ìkòkò, ó rí i pé ó dà bí ewé tútù, ló bá ké: "Màmá, aró yìí ti bàjẹ́!" Mo ní, "Fara balẹ̀, ọmọ mi." Kó tó tẹ́ ẹ sórí okùn tán, igun kan ti ń dúdú, àwọ̀ ewé náà ń sá lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ìdí kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró láti 1498, á ti rí irú ẹ̀ rí.

Ìfóòfó ìgbì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ bẹ télọ̀ àdúgbò yín kó bá yín kó àjákù ọ̀gánsà funfun, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, jọ. Ẹ fi iná kan fọ́nrán rẹ̀: bó bá di eérú, ẹ jù ú sílẹ̀, bó bá yọ́, tó sì ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, òun là ń wá. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sún mọ́ ọn, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Á ká kò, á wú pọ̀ǹpọ̀n bí ìfóòfó gan-an. Ẹ ṣí fèrèsé o, èéfín rẹ̀ kò dáa fún àyà.

Kí ẹ tó rán an mọ́ aṣọ aró, ẹ ṣan aṣọ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kedere. Mo kánjú lẹ́ẹ̀kan, aró sì ba ìfóòfó tí mo fi ọ̀sẹ̀ 3 rán jẹ́. Ó dùn mí wọra.

Owó ẹyọ ló kẹ́yìn. Ó wúwo, ẹ fi aṣọ líle tẹ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ yín. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó, kí ẹ sì rán wọn sí ibi tí omi ti ń fà sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni òkun máa ń já ìkarahun sílẹ̀ sí.