Ẹ mọ ìrìn oòrùn kí ẹ tó lọ ya fọ́tò ọ̀nì

Ìbéèrè tí àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń bi mí jù ni pé irú lẹ́ńsì wo ni mo fi ń ya ọ̀nì. Lẹ́ńsì kọ́ ló ṣáájú. Ara ọ̀nì kì í dá gbóná fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ oòrùn ló ti ń wá ooru. Ìdí nìyí tó fi máa ń gòkè wá sí etídò láàárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá tutù mọ́jú. Ẹni tó bá jí pẹ́, igbó lásán ni yóò yà.

Bí oòrùn bá wá ń mú, á la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ló ń bí i. Rárá o, ooru ló ń gba ẹnu tú jáde, àsìkò yẹn gan-an sì ni fọ́tò rẹ̀ dùn ún yà. Èyí tó bá wú ara, tó ń fẹ́ atẹ́gùn ṣíìì lẹ́nu, ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Ẹ rọra fà sẹ́yìn.

Àwọn tó ń wo fídíò láti Florida máa ń pe tiwa náà ní alligator. Kò sí alligator nínú igbó Áfíríkà. Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ni ilé wọn. Bí ẹnu ẹranko náà bá pa dé, tí eyín kẹrin ìsàlẹ̀ ṣì hàn síta, ọ̀nì ni. Èyí tó wọ́pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Crocodylus suchus, ọdún 1807 ni Geoffroy Saint-Hilaire, onímọ̀ nípa ẹranko ará Faransé, ti fún un lórúkọ, àmọ́ ó di 2011 kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn gbangba pé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀nì odò Náílì.

Ọ̀nì ṣì wà ní àfonífojì odò Ouémé, ṣùgbọ́n wọ́n ti dọdẹ rẹ̀ títí ó fi gbọ́n: kò ní dúró de ẹsẹ̀ tó ń pariwo. Ẹ bá apẹja tó mọ ibẹ̀ lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó pa ẹ̀rọ ọkọ̀ kó tó sún mọ́ tòsí. Ní ìhà Sábẹ̀ẹ́ (Savè), ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù. Omi á ti fà, ọ̀nì á sì kó jọ síbi tí omi bá kù sí. Bí wọ́n bá ń bọ ibú náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó yọ kámẹ́rà.

Ojú ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Nínú oòrùn, ọmọlójú ọ̀nì á sún kì, á ku ìlà tóóró kan tó dúró gbọọrọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìpéǹpéjú kẹta, tó mọ́ gaara, á gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá lórí ẹyinjú. Ẹ dúró de ìyẹn. Omi tó ń kọ mànà máa ń tan kámẹ́rà jẹ, ọ̀nì á wá dúdú bí ìtì igi. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀, kí ẹ sì fa àmì oòrùn tó bá yọ sókè díẹ̀. Bí ẹ bá ní lẹ́ńsì 400 mm, tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ kí kámẹ́rà lè rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ki ọwọ́ síta o.

Ẹ má lóṣòó sí etí omi nítorí fọ́tò. Ọ̀nì lè wà lábẹ́ omi tó dà bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kó sì fò jáde kí ẹ tó mira. Ẹ jìnnà sí òkìtì ewéko tàbí iyẹ̀pẹ̀ tó bá yé ẹyin sí. Ìyá wọn kì í jìnnà síbẹ̀. Ẹ má sì fi ẹja tàn án kó lè sún mọ́ yín, torí ọmọdé tó bá wá pọn omi lọ́la ni yóò jẹ gbèsè náà.

Kí ẹ tó gbé e sórí Facebook, ẹ yọ àdírẹ́sì ibi tí fóònù kọ sínú fọ́tò náà kúrò. Àwọn ọdẹ náà ń lo Facebook.