Oògùn mẹ́dọ̀wú C: ohun tó ń ṣe ara, àti ohun tí a máa ń fi ọwọ́ ara wa fà

Ìbéèrè: Wọ́n ní oògùn àrùn mẹ́dọ̀wú C (hepatitis C, àrùn tí kòkòrò kan fi ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́) le ju àrùn náà fúnra rẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má bá ẹni tó sọ ọ́ jà. Láyé ọjọ́un, abẹ́rẹ́ interferon ni wọ́n ń gún fún aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú hóró ribavirin, fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ibà á dé, òtútù á máa mú èèyàn, irun á máa re, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ìbànújẹ́ ọkàn wọn pọ̀ débi pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀mí ara wọn. Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò sàn fún.

Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tuntun kan, sofosbuvir, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Lónìí, ẹnu la fi ń lò ó, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ 12 sì ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn: sofosbuvir pẹ̀lú daclatasvir, tàbí pẹ̀lú velpatasvir. Nínú èèyàn 100 tó bá lò ó pé, ó lé ní 95 tí kòkòrò náà ń kúrò lára wọn pátápátá.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá máa retí?

Orí fífọ́, àárẹ̀, kí èébì máa gbé yín díẹ̀, kí oorun má dá. Bó bá jẹ́ èébì ni, ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó. Bó bá jẹ́ oorun ni, ẹ sún oògùn náà sí àárọ̀, kí ẹ sì máa lò ó ní aago kan náà lójoojúmọ́.

Orí fífọ́ ló gba ìṣọ́ra, torí oògùn tó wà nílé la máa ń nawọ́ sí. Ẹni tí àpá ti mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní cirrhosis, kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 2 paracetamol lóòjọ́, ìyẹn hóró mẹ́rin onímílígíráàmù 500. Kó yáa yẹra fún ibuprofen, diclofenac àti Alábùkún. Aspirin ló wà nínú Alábùkún yẹn.

Bí wọ́n bá fi ribavirin kún tiyín, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀, wọn á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó kò gbọdọ̀ lóyún nígbà tí ẹ ń lò ó àti fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ì báà jẹ́ ọkọ ló ń lò ó tàbí ìyàwó.

Ìbéèrè: Mo ní ọgbẹ́ inú, omeprazole ni mo sì ń lò. Ṣé kò lè dí i lọ́wọ́?

Ó lè dí velpatasvir lọ́wọ́ gan-an, torí omi kíkan inú ikùn ló ń jẹ́ kó yòrò, omeprazole sì ń dín omi náà kù. Oògùn olómi funfun tí a ń mu fún inú gbígbóná náà, ẹ fi wákàtí mẹ́rin sáàárín òun àti velpatasvir. Daclatasvir kò ní wàhálà yìí ní tirẹ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, carbamazepine àti phenytoin tí wọ́n fi ń wo wárápá máa ń ba iṣẹ́ oògùn yìí jẹ́. Ti amiodarone, oògùn ọkàn, burú jù: bó bá pàdé sofosbuvir, ọkàn lè máa lù lọ́ra jù débi tí èèyàn á dákú tàbí kú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà, kó máa wọn ṣúgà rẹ̀ dáadáa, torí ó lè já wálẹ̀ bí kòkòrò náà ṣe ń kúrò.

Ìbéèrè: Àgbo ńkọ́?

Ibí ni èmi àti àwọn èèyàn wa ti máa ń fà á. Ẹ kò tíì lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta tí àbúrò bàbá yín á fi gbé ìgò dé, èèpo igi á ṣì máa léfòó nínú rẹ̀, òórùn ògógóró á sì ti gba pálọ̀ kan. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ gbé e pamọ́. Ọtí ń pa ẹ̀dọ̀ lára, kò sì sẹ́ni tó mọ bí ewé àti egbò inú rẹ̀ ṣe máa bá hóró yẹn ṣe. Bí ojú yín bá wá pọ́n bí òroǹró, dókítà ò ní mọ èyí tí yóò mú nínú àìsàn, oògùn àti àgbo.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n tún ń yẹ̀ mí wò fún mẹ́dọ̀wú B?

Torí pé C máa ń tẹ B mọ́lẹ̀ nínú ara ẹni tó ní méjèèjì. Bí C bá kúrò, B lè gbérí, kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ọdún 2016 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀. B sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ má gbà kí wọ́n fo àyẹ̀wò yìí. Bí ojú bá pọ́n bí òroǹró tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú nígbà tí ẹ ń lo oògùn, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbàgbé lọ́jọ́ kan?

Ẹ lò ó bí ẹ bá ti rántí lọ́jọ́ náà. Ẹ má lo méjì pọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìbéèrè: Mo ti parí oògùn, àyẹ̀wò ṣì ní mo ní in. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Rárá o. Àyẹ̀wò kíákíá yẹn kì í wá kòkòrò. Ohun tí ara yín fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà lára títí ayé. Èyí tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀ ni HCV RNA, ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn ni wọ́n ń ṣe é. Bí kò bá rí nǹkan kan, ó ti tán. Ẹ tọ́jú ìwé èsì yẹn dáadáa, torí lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún yẹ̀ yín wò nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí pé ẹ fẹ́ fún ẹlòmíràn lẹ́jẹ̀, àyẹ̀wò kíákíá á tún sọ pé ẹ ní in. Àmọ́ ṣá, ẹ má fúnni lẹ́jẹ̀ o, wọn ò ní gbà á.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún C, èèyàn sì lè tún kó o láti ara abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le kó tó lo oògùn ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ṣì lè mú un bí kòkòrò náà bá tilẹ̀ ti lọ.