Mílíìkì Kò Lè Fọ Òjé Kúrò Lára

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ́ òjé ṣe hámà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Láfẹ́nwá, mílíìkì inú agolo ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ rà. Tí kò bá sówó, epo pupa ṣíbí kan ni. Ọ̀gá á ní, "Mu ún, á fọ èéfín yẹn dànù." Mo mu ún fún ọdún bíi mélòó kan, mo sì gbà á gbọ́.

Hámà òjé wúlò lóòótọ́. Hámà irin a máa dápàá sára ṣáàfùtù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ. Òjé ní tirẹ̀ rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́. Ní 327°C ló ń yọ́, iná èédú lásán sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ló ń gba èéfín òjé, ibẹ̀ ló gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ikùn ni mílíìkì ń lọ. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o: ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tó ní kálíṣíọ̀mù (èròjà tó ń mú egungun le) dáadáa lójoojúmọ́, ikùn rẹ̀ kì í fa òjé tó ti ẹni tí ebi ń pa. Agolo kan lẹ́yìn iṣẹ́ kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Epo pupa kàn ń tu ọ̀fun lára ni. Ara a máa ṣi òjé mú fún kálíṣíọ̀mù, a kó o pamọ́ sínú egungun, ó sì lè lé ní 20 ọdún níbẹ̀. Òjé ọwọ́ olóòṣà kì í bọ́. Ti inú egungun kì í tètè bọ́.

Ìdàrọ́ tí a há kúrò lójú òjé tó yọ́ àti eruku ara aṣọ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí wọ́n ń bá wa délé lọ bá àwọn ọmọ. Ní Zamfara, lọ́dún 2010, eruku òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ pa ọmọdé tó tó 400, ó kéré tán.

Ẹni tó bá máa yọ́ ọ, kó ṣe é níta gbangba, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kó má sí ẹ̀kán omi nínú agolo tó fi ń yọ́ òjé, yóò bú gbàmù sí i lójú. Kó fọwọ́ kó tó jẹun, kó bọ́ aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kó má sì rán ọmọ iṣẹ́ sídìí rẹ̀. Bí inú bá ń run ún, tí kò rí ìgbẹ́ yà, kó ní kí ilé ìwòsàn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé.

Ọ̀pá bàbà kékeré ni mò ń lò báyìí: mo gbé e lé ṣáàfùtù, mo fi hámà irin lù ú. Kò gba iná rárá.