Àríyànjiyàn lórí fíìmù àwàdà tí kì í gbó ní Èkó

Fíìmù àwàdà tí kì í gbó ni àwọn òǹwòran ní Èkó ń pe eré apanilẹ́rìn-ín tí ọdún ti gorí ọdún lé lórí, síbẹ̀ tí ẹni tó bá wò ó lónìí ṣì ń rẹ́rìn-ín dénú. Èwo ló yẹ kí wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fẹnu kò lé lórí. Ní ìsọ̀ oníwèé ìròyìn láàárọ̀, níbi tí àwọn tó ń ka àkọlé ìròyìn láìra ìwé máa ń pé jọ sí, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Mùṣín àti Sùúrùlérè, àgbàlagbà kan á dárúkọ Bàbá Sàlá, ẹlòmíràn á ní ti Bàbá Suwé ló jù, ọmọ tí wọ́n ń gẹrun fún lórí àga á ní kò sí èyí tó tó Jénífà nínú wọn. Ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń jiyàn ò tíì wo fíìmù kan náà bí ó ṣe yẹ kí wọ́n wò ó.

Ìpilẹ̀

Àwàdà ti wà nínú eré Yorùbá kí sinimá tó dé. Àwọn alárìnjó máa ń fi ìwà èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ìlú, alẹ́ ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì fàyè gba kí wọ́n bú ọ̀bàyéjẹ́ ní gbangba láìsí ẹni tó máa mú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ wo sinimá, ní gbọ̀ngàn Glover lórí Erékùṣù. Ó tó ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lẹ́yìn náà kí Àjàní Ògún, tí wọ́n kà sí fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́, tó jáde ní 1976. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love ló sì kó ipa pàtàkì inú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí National Theatre ní Ìgànmú.

Ọ̀run Móoru àti ọ̀rọ̀ ẹ̀dà

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá (1936–2018), ni orúkọ rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Olórin ni tẹ́lẹ̀. King Sunny Adé ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Orí ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n ni ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ ti gbajúmọ̀, ìmúra rẹ̀ nìkan sì ti tó ẹ̀rín: férémù awò ojú ràgàjì, táì ọrùn tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àti aago ńlá tó fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ní 1982 ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun náà ló darí rẹ̀. Ààrẹ Àgbáyé àti Moṣebọ́látán tẹ̀ lé e.

Ọ̀run Móoru ni wọ́n máa ń jiyàn lé lórí jù, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sì yẹ ní mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Fíìmù gidi ni wọ́n fi ya á, èyí tí ilé sinimá ń fi ẹ̀rọ ńlá tàn sára ògiri, owó tí Bàbá Sàlá sì ná lé e lórí kì í ṣe kékeré. Kí ó tó jẹ èrè rẹ̀, àwọn kan ti dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Bàbá Sàlá wọ gbèsè, ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́fẹ padà lórí òwò fíìmù lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni pé kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú tó ba ayé oní-nǹkan jẹ́ yìí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi wo eré náà nílé.

Ẹni tó bá ti lo kásẹ́ẹ̀tì rí mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n dà á kọ láti ara òmíràn, wọ́n tún da ìyẹn kọ, títí àwọ̀ á fi ṣá, ìlà funfun á máa sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, ohùn á sì rì bí ẹni pé inú kòtò ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Eré ìjà lè fara da ìyẹn, nítorí ojú la fi ń wo ìjà. Àwàdà Yorùbá kò lè fara dà á, nítorí etí la fi ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó wò ó ní sinimá bá ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ mọ́, tí ẹni tó wò ó lórí kásẹ́ẹ̀tì ní kò pa òun lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ lè wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, fíìmù gidi di ọ̀wọ́n gógó, àwọn eléré bá yà sí fídíò. Ìdúmọ̀tà lórí Erékùṣù di ojúlé òwò náà, tí àwọn máàkẹ́tà to kásẹ́ẹ̀tì jọ bíi bíríkì, tí tẹlifíṣọ̀n iwájú ṣọ́ọ̀bù ń ṣe eré látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibẹ̀ ni òkìkí Babátúndé Omídínà, Bàbá Suwé (1958–2021), ti kàn. Ọmọ Erékùṣù Èkó ni, wọ́n bí i sí àdúgbò Inabere, Ìkòròdú sì ni orírun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń hun lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú tó máa ń kùn sójú làwọn ọmọdé kọ́kọ́ ń rántí.

Èdè

Ohùn lókè, ohùn nísàlẹ̀ ló gbé àwàdà Yorùbá ró. Bí àpẹẹrẹ, bí obìnrin kan bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Ọkọ̀ mi ò ṣiṣẹ́,” tí ọ̀rẹ́ gbọ́ “ọkọ mi,” á fi àánú bi í pé, “Ṣé wọ́n dá a dúró ni?” Onítọ̀hún á ní, “Ó kàn dá dúró lójijì lórí bíríìjì ni, mo ń wá ẹni tó máa bá mi tì í.” Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ nísàlẹ̀ fíìmù kò lè gbé èyí rárá. Irú àwàdà báyìí kì í sì gbó níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ṣì ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ibi tó sì ti fẹ́ yingin nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Èkó báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn.

Jénífà (2008) gba ọ̀nà mìíràn. Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe Suliat, ọmọ abúlé tó wọ yunifásítì tó fẹ́ dà bí àwọn ọmọge ìlú, Gẹ̀ẹ́sì tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ṣe wá ló sì di àwàdà. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé jù ní AMAA (Africa Movie Academy Awards) ti 2009 lórí rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tó náà lè rẹ́rìn-ín sí Suliat, ìyẹn sì lè jẹ́ kó pẹ́ ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń gbó

Àwàdà tó rọ̀ mọ́ nǹkan ìgbà máa ń bá ìgbà náà lọ. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, kí owó tó di ti ìṣẹ́jú àáyá ní 2003. Àìmọye eré ló fi fíláàṣì ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà náà, kí èèyàn pe fóònù, kó dún lẹ́ẹ̀kan, kó já a. Ọmọ ogún ọdún tó bá ń wò ó báyìí, àfi kí wọ́n ṣàlàyé fún un. NEPA kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ náà ti yí padà láti 2005, ṣùgbọ́n bí iná bá dé lójijì nínú eré, gbogbo ilé á ṣì hó yèè.

Yẹ̀yẹ́ akólòlò, abuké àti adití ti ń kan lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ òǹwòran, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ni àwọn tó ń fi owó ṣe ẹ̀rí pé fíìmù kan kò ní gbó: Omo Ghetto: The Saga, tó jáde lọ́jọ́ Kérésì 2020, pa ju mílíọ̀nù 630 náírà lọ ní sinimá. Iye tíkẹ́ẹ̀tì àti iyì náírà ń yí padà lọ́dọọdún, owó ò sì lè sọ bóyá ẹnikẹ́ni á tún wò ó lọ́dún ogún sí i.

Orí YouTube àti WhatsApp ni wọ́n ti ń wo àwọn eré àtijọ́ báyìí, ìṣẹ́jú méjì níbí, ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́hùn-ún, tí wọ́n gé láti ara kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó mọ aago ọrùn Bàbá Sàlá bí ẹní mowó kò tíì wo Ọ̀run Móoru láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin rí.