Orígínà inú páálí kì í ṣe tuntun

Ẹni tó bá ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, tó wá ku inú ọkọ̀ nìkan, ìmọ̀ràn kan ṣáá ni yóò máa gbọ́: orígínà ni kó rà. Wọ́n á ní ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń tọ́jọ́, pé ayédèrú lásán ni gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n ń ṣe lóde òní. Bó bá wá rí orígínà tẹ́nikẹ́ni ò lò rí, tó ṣì wà nínú páálí láti 1968, owó gọbọi ló máa san, inú rẹ̀ á sì dùn.

Bó bá jẹ́ irin ló rà, ó ṣeé ṣe kó jàre. Bó bá jẹ́ fóòmù tàbí rọ́bà, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́ fún un.

Ẹ wo orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, fóòmù polyurethane ló wà nísàlẹ̀, awọ PVC, irú rọ́bà kan, ló sì bò ó. PVC fúnra rẹ̀ le. Èròjà olómi kan tí wọ́n pò mọ́ ọn ló mú un rọ̀. Èròjà yìí kì í dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sá jáde, ooru sì ń lé e. Ó wà lára ohun tó ń lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì iwájú bí ọ̀rá, téèyàn á nù tán, tó tún máa padà wá. Bó ṣe ń jáde ni awọ náà ń le, tó ń súnkì, títí yóò fi sán. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ náà kò sinmi: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ títí tí yóò fi máa rún síni lọ́wọ́. Oòrùn ń mú kí ìparun awọ yá, ṣùgbọ́n inú páálí kò gba ẹnì kankan lọ́wọ́ ọjọ́ orí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè wọ àyè rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló máa sán.

Páálí tí wọ́n fi bo inú ilẹ̀kùn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi òjò ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣètò rẹ̀. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n tẹ́ sáàárín ni kì í jẹ́ kó kan páálí. Bí ọ̀rá yẹn bá ti ya, páálí á mumi, á wú, á tẹ̀, ihò tí kílíìpù ń gbá mú á sì ya dànù. Ẹ fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ nísàlẹ̀: bó bá rọ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀dà tí wọ́n fi rọ́bà tàbí páálí tí kì í mumi ṣe sàn jù ú lọ fíìfíì, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Àmọ́ o, ẹ̀dà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe é kò rí àwòrán ilé iṣẹ́ lò. Ohun àtijọ́ ni wọ́n gbé, tí wọ́n sì fi ṣe mọ́ọ̀dù. Rọ́bà gbígbóná sì máa ń súnkì bó bá ń tutù. ABS, irú rọ́bà líle kan, ń pàdánù nǹkan bí 0.4 sí 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.5 péré, ohun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120 ti fi mìlímítà 6 kúrú nìyẹn. Èyí tí wọ́n wò ṣe é pàápàá lè ti súnkì kí wọ́n tó gbé e. Abájọ tí ihò kì í fi í bára wọn mu. Ojú awọ àti àwọ̀ rẹ̀ náà kì í sábà bá ti àtijọ́ mu, pàápàá bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà.

Àmì Ford tàbí General Motors tó wà lára páálí tí wọ́n kó ẹ̀dà náà sí ńkọ́? Ìyọ̀ǹda láti lo orúkọ wọn ni, kì í ṣe pé àwọn ló ṣe é. Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ ni pé 1 oṣù kẹsàn-án 1972 ni òfin Amẹ́ríkà tó ní kí aṣọ àti fóòmù inú ọkọ̀ má ṣe máa jó kọjá mìlímítà 102 ní ìṣẹ́jú kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orígínà tó ṣáájú ọjọ́ yẹn kò sí lábẹ́ òfin náà.

Ti ìdíje lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ bíi National Corvette Restorers Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ Corvette ṣe, tó ti wà láti 1974, ń fún ọkọ̀ ní máàkì bó bá ṣe rí gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde nílé iṣẹ́. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó wá orígínà rẹ̀ lọ, kódà bó ti ń sán.

Fún ẹni tó fẹ́ máa wa ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, bọ́tìnnì àti òrùka ara dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo máa ní kó wá orígínà rẹ̀, àlòkù pàápàá. Kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù ìjókòó àti páálí ilẹ̀kùn, kó ra tuntun. Dáṣíbọ́ọ̀dù ni mi ò ní fi ẹ̀dà tàbí orígínà inú páálí ṣe bó bá jẹ́ èyí tó ní egungun irin nínú: irin àtijọ́ yẹn mọ ihò rẹ̀, fóòmù àti awọ tuntun nìkan ló nílò. Kó kàn rí i pé ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún bọ́ fóòmù àtijọ́ kúrò pátápátá, nítorí awọ tuntun tí wọ́n nà sórí fóòmù tó ti ń rún máa tó wọlẹ̀.